Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò lè de bọ́tìnnì: ta ló ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn OT n'Íbàdàn?

ÌyáÀkọ́bí_Akóbọ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Àkọ́bí mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́jọ lóṣù tó kọjá. Prámárì kẹta ló wà. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé àgbàlagbà ló ń bá yín tàkurọ̀sọ. Bí mo bá mú un lọ ọjà, á ti ro ṣéńjì tó kù lórí kí ọlọ́jà tó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n títí di òní, èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù. Okùn bàtà, ká má tiẹ̀ sọ tìyẹn. Ó ń ṣubú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bó bá gbé omi láti ilé ìdáná dé pálọ̀, ìdajì rẹ̀ á ti dà sílẹ̀. Abọ́ tánganran mi ò ku ju méjì lọ. Ìwé rẹ̀ dà bíi pé adìyẹ ló fẹsẹ̀ ha á: lẹ́tà kan tóbi, ìkejì kéré, ìkẹta ti kúrò lórí ìlà.

Tísà rẹ̀ nà án títí. Èmi náà nà án, mi ò lè purọ́. Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo pè é ní ọ̀bùn, mo ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Ìgbà tó di pé gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni inú ń run ún ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ó ní dyspraxia ni orúkọ ohun tó ń ṣe é, pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé orí rẹ̀ ò pé. Ó kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e lọ sí ẹ̀ka occupational therapy, àwọn tí wọ́n ń pè ní OT.

Bàbá rẹ̀ ní òun gbọ́ pé eré lásán ni wọ́n ń bá ọmọ ṣe níbẹ̀, wọ́n á ní kó máa ju bọ́ọ̀lù, kó máa sin ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á sì gba owó. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e lọ fún àdúrà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kín ni àwọn OT yìí ń ṣe gan-an? Ṣé ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ lóòótọ́? Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tirẹ̀ lọ, kó bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí.

BàbáÀgbà_Òjé · Ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́

Ọmọ mi, má fòyà. Nígbà tí à ń dàgbà ní Òjé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan wà ní agboolé wa. Gbogbo ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń já bọ́. Bàbá rẹ̀ fi í sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà, ọ̀gá rẹ̀ sì fọwọ́ líle mú un. Iṣẹ́ ló ń sọ ọwọ́ di ọwọ́. Máa fún un níṣẹ́ ilé ṣe: kó fọ abọ́, kó gbálẹ̀, kó pọn omi. Tó bá fi pé ọmọ ọdún méjìlá, á ti fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́

Màmá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ṣé ó sunkún ní kété tí ẹ bí i? Ṣé oṣù rẹ̀ pé? Ṣé ara rẹ̀ pọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ojú rẹ̀ wá dà bí ẹni tí wọ́n ta epo sí? Ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí àti ọmọ tí ibà pọ́njú bá jà gan-an lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ wà lára àwọn tó ń ní cerebral palsy jù lọ́dọ̀ tiwa, ìyẹn ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara ṣe bó ṣe yẹ. Bí ìyẹn ò bá le púpọ̀, ó lè jọ dyspraxia lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n ti yẹ ojú rẹ̀ wò náà.

Èyí tó ká mi lára jù: ṣé ohun kan wà tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́? Ọmọ tó ti ń sáré dáadáa tó wá di pé ó ń fi ọwọ́ ti itan kó tó lè dìde nílẹ̀, tàbí tí àtẹ̀gùn tó ti ń gùn tẹ́lẹ̀ wá di òkè fún un, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe dyspraxia o. Kí wọ́n tètè gbé e padà sí ọsibítù ni. Dyspraxia kì í gba ohun tí ọmọ ti mọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń mú kó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n ni.

ÌyáÀkọ́bí_Akóbọ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 10:48 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ó sunkún. Ọ̀sẹ̀ 34 ni mo bí i, ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlá nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé sí. Ara rẹ̀ ò pọ́n. Wọ́n ti wo ojú rẹ̀, kò ní nǹkan kan. Kò sí ohun tó mọ̀ tó gbàgbé, ó kàn ń pẹ́ kí ó tó mọ nǹkan ni. Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ló tó rìn.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 10:52 alẹ́

Ó ti yé mi. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé pọ̀ nínú àwọn tó ń ní in. Ẹ má jẹ́ kí ìwé tí dókítà kọ yẹn gbó sínú báàgì.

OT_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin èèyàn wa. Iṣẹ́ OT ni mò ń ṣe nílùú yìí, mo sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board of Nigeria, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwa àti àwọn physio. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé OT lòun, ẹ bèèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ọmọ yín. Kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí orúkọ iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Iṣẹ́ tí orúkọ yẹn ń sọ kì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù. Gbogbo ohun tí èèyàn ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe ni: kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó jẹun, kó kọ̀wé, kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Èyí tí ọmọ kò bá lè ṣe nínú wọn, tó sì ń bà á lọ́kàn jẹ́, òun ni iṣẹ́ tiwa.

Dyspraxia, tí ìwé àwọn dókítà ń pè ní developmental coordination disorder, kì í ṣe àìsàn iṣan. Apá ọmọ náà le, ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Bí ẹ bá na ọwọ́ sí ife omi, ọpọlọ yín ti mọ ibi tí ọwọ́ yẹn máa balẹ̀ sí kó tó débẹ̀, ó sì ń tún un ṣe lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń wọ́ fún àwọn ọmọ yìí. Ìyókù wa, bí a bá ti de bọ́tìnnì bí ìgbà mélòó kan, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, ojú ò ní wò ó mọ́. Ọmọ tó ní dyspraxia ń dè é lónìí bí ẹni pé òní ló kọ́kọ́ rí bọ́tìnnì láyé. Ẹ rò ó wò bí ìyẹn ṣe máa rẹ èèyàn tó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Kò sì ṣọ̀wọ́n. Nínú ọmọ 100 tó ń lọ ilé ìwé, bíi 5 sí 6 ló ní in. Ọkùnrin ni wọ́n ń rí i lára wọn jù. Kí ọmọ tó pé ọdún 5, a kì í sábà fẹnu kò lé e lórí, torí pé ọmọdé kì í yára bákan náà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé, ọ̀rọ̀ la máa kọ́kọ́ sọ. Kín ló ń ṣe láti ìgbà tó bá jí? Kín ni ẹ̀ ń bá a ṣe tó jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ń dá ṣe? Lẹ́yìn náà ni a ó ní kó kó èèkàn kéékèèké sínú ihò, kó mú àpò kékeré tí a bá jù sí i, kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó rìn lórí ìlà. A ó wá wo bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ìwọ̀n tí a sábà ń lò ń jẹ́ Movement ABC, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, nítorí náà mi ò kì í gba máàkì rẹ̀ gbọ́ láìjẹ́ pé mo ti fi ojú ara mi rí bí ọmọ náà ṣe ń jẹun, bó ṣe ń wọ bàtà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Ọmọ gan-an la máa bi pé: kín ni ìwọ fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe? Kì í ṣe ìyá, kì í ṣe tísà. Ọ̀nà kan wà tí à ń pè ní CO-OP, Helene Polatajko àti Angela Mandich ni wọ́n gbé e jáde ní Kánádà. A máa ń kọ́ ọmọ láti bi ara rẹ̀ pé: kín ni mo fẹ́ ṣe? Báwo ni màá ṣe ṣe é? Á wá ṣe é. Lẹ́yìn náà á tún bi ara rẹ̀ pé: ṣé bí mo ṣe rò ó ló rí? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun ló burú, ọgbọ́n tó dá ni kó pààrọ̀. OT kì í sọ ìdáhùn fún un. Á máa bi í léèrè títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi rí i, torí ọgbọ́n tí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, kì í tètè gbàgbé.

A ò lè wò ó sàn bí ẹni lo oògùn ibà. Ohun tí a lè ṣe ni pé àwọn ohun tó ń fi í ṣẹ̀sín lójoojúmọ́ á dín kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀tayò_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Ẹ ṣé o, OT. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Ṣebí gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí wà nílé wa tẹ́lẹ̀? Ọmọ mi obìnrin náà rí bẹ́ẹ̀ níwọ̀nba, ayò ni mo fi kọ́ ọ. Ọmọ ayò 48, ihò 12, ẹ ó kó wọn, ẹ ó máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí méjì bọ́ sójú kan. Ìka wo ni ò ní já fáfá? Ìyá rẹ̀ ń fún un ní ẹ̀gúsí bó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ṣé ó tún yẹ kí èèyàn sanwó fún Òyìnbó kó tó mọ̀ pé ọwọ́ ń fẹ́ iṣẹ́?

OT_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 8:02 alẹ́

@Ọ̀tayò_Bódìjà Ẹ ṣeun, sà, inú mi dùn pé ẹ bèèrè, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ayò dára. Mo ní ọpọ́n kan nínú yàrá iṣẹ́ mi. Ó ń mú ọmọ jókòó, ó ń mú un kà, ó ń mú un bá bàbá rẹ̀ ṣeré, ìyẹn nìkan tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ayò ń kọ́ ọmọ ni ayò. Ọmọ tí kò ní dyspraxia lè mú ohun tí ìka rẹ̀ kọ́ nídìí ayò lọ sídìí bọ́tìnnì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ọmọ tó ní in kò rọrùn fún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gúsí tó bó lóṣù mẹ́ta lè má kan ìwé tó ń kọ rárá.

Àwa OT náà ti rin ọ̀nà yẹn rí. A. Jean Ayres ní Amẹ́ríkà ló là á: ẹ jẹ́ kí ọmọ fì lórí jangirọ́fà, kó yí, kó ti nǹkan, kó fọwọ́ kan oríṣiríṣi nǹkan, kí ọpọlọ lè máa ṣètò ohun tí ara ń sọ fún un, ìwé kíkọ àti aṣọ wíwọ̀ á tẹ̀lé e. Obìnrin náà ṣe iṣẹ́ ribiribi, ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ làwọn ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó ẹ̀rí jọ tí wọ́n sì tẹ ìlànà tuntun jáde ní 2019, ohun tí wọ́n sọ ni pé iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mọ̀, òun gan-an ni kí ẹ kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì, bọ́tìnnì. Bó bá jẹ́ ìwé kíkọ, kó kọ̀wé. Ní ibi tó ti fẹ́ lò ó, pẹ̀lú aṣọ tó máa wọ̀ ní tòótọ́.

Nítorí náà, Màmá Àkọ́bí, ohun tí bàbá ọmọ gbọ́ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àti ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún ọmọ látọdún dé ọdún. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi wọ́n pé: kín ni ọmọ mi máa lè ṣe nílé lóṣù mẹ́ta òní tí kò lè ṣe lónìí? Ẹni tí kò bá lè fèsì yẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Oníkọ̀ǹpútà_Sángo · Ọjọ́ Ajé, 11:47 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, oorun ò kùn mí.

Bàbá àgbà Òjé, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín kí n tó sọ èyí. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Èmi ni ọmọ yẹn. Nígbà tí mo parí girama tí kò sí owó láti lọ síwájú, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. Ọ̀gá ní kí n máa fọwọ́ rán etí aṣọ. Abẹ́rẹ́ ń gún mi débi pé aṣọ funfun ò ṣeé gbé lé mi lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi àti ọwọ́ mi ò bára wọn mu lórí máṣíìnì: bí ẹsẹ̀ bá ń lọ, ọwọ́ á dúró. Ọ̀gá á mú ọ̀pá yáàdì. Mo ṣe é fọ́dún mẹ́ta. Àwọn tí a jọ wọlé ṣe fírídọ́ọ̀mù, wọ́n gún aṣọ ẹbí, èmi ló ń bá wọn gbé àga. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mò ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Mò ń fọ abọ́, mò ń pọn omi, mò ń rán aṣọ. Ọdún méjìlá kọjá, ọdún ogún kọjá, kò fi mí sílẹ̀.

Ohun tó yọ mí ni kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé nítòsí Poly. Mo jókòó sídìí bọ́tìnnì rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀, kì í sún. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lọ́wọ́, ó gbà mí ju bó ṣe ń gba ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tó mọ́ mi, ó mọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ọ̀rọ̀ ara mi lórí ìwé tó mọ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo kà á pé òṣèré Daniel Radcliffe sọ ní gbangba pé òun ní dyspraxia tí kò le púpọ̀, pé títí òun fi dàgbà, wàhálà ni okùn bàtà ń fún òun. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Ohun tí mo ń ṣọ̀fọ̀ kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọdún mẹ́ta tí mo fi gbà gbọ́ pé èmi ni mo fi ara mi ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ṣì ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ wíwà gbà mí lọ́dún méjì. Ìyá Àkọ́bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọmọ yín pé ẹ tọrọ àforíjì lórí nínà yẹn. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ sì jẹ́ kó tètè kọ́ títẹ̀wé.

ÌyáÀkọ́bí_Akóbọ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 àárọ̀

Mo ti sọ fún un. Nísinsìnyí tó jí ni mo sọ ọ́. Ó ní "Mọ́mì, kò dùn mí mọ́." Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Tísà_Àpẹtẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ́wọ́. Tísà ni mí, ọdún kẹtàdínlógún mi lẹ́nu iṣẹ́ rèé. Mo ti na ọmọ lórí ìwé tí kò mọ́, mo sì ti gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó mọ ìṣirò nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ò tò. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Ọmọ 52 ló wà níwájú mi nísinsìnyí. OT, mi ò ní yàrá, mi ò ní owó. Kín ni mo lè ṣe láàárọ̀ ọ̀la?

OT_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:25 alẹ́

Tísà, ẹ káre. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń fì lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ ò lè dúró, ẹ wá páálí líle tàbí búlọ́ọ̀kù kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ mú un sún mọ́ bọ́ọ̀dù, kó kọjú sí i gbọọrọ. Ẹ fi ránbà tàbí àkísà ańkárá wé pẹ́ńsùlù rẹ̀ kó nípọn. Fún ìṣirò, ìwé onígun mẹ́rin, nọ́ńbà kan nínú ilé kan.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ò sì gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ìtàn Ìbàdàn, ẹ ní kó sọ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá kọ ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí bọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kó kọ márùn-ún, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá a ní ìyókù. Ọmọ yìí ń lo gbogbo agbára rẹ̀ láti fa lẹ́tà, kò sí èyí tó kù fún ohun tí lẹ́tà ń sọ. Ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú eré ìdárayá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa mú ẹlẹgbẹ́ fúnra wọn. Òun ni wọ́n máa mú kẹ́yìn.

ÌyáÌbejì_Mọ̀níyà · Ọjọ́ Rú, 2:00 ọ̀sán

Màmá Àkọ́bí, mo ti gbé tèmi lọ, mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí. Kẹ́hìndé ló ní in, Táyé ò ní in. Ìnira ibẹ̀ ni pé inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń dàgbà, gbogbo ohun tí Táyé ń ṣe ló ń fi hàn pé Kẹ́hìndé ò lè ṣe é.

Bọ́tìnnì la kọ́kọ́ ṣe. OT ní kí n dẹ́kun kíkọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí n bá a ti bọ́tìnnì wọ ihò dé ìdajì, kí òun kàn fà á jáde. Òun ló parí rẹ̀, òun ló ṣe é nìyẹn. Nígbà tí ìyẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, mo jẹ́ kó tì í wọlé fúnra rẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń padà sẹ́yìn títí ó fi dé ìbẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ aṣọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ojú rẹ̀ ń rí ìsàlẹ̀, kò rí abẹ́ ọrùn. Aṣọ ilé tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi la kọ́kọ́ lò. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà wá.

Owó ń jẹ́ owó, mi ò ní tàn yín. Láti Mọ̀níyà, ọkọ̀ mẹ́ta ni mò ń wọ̀ kí n tó débẹ̀. Mo sọ fún OT pé mi ò lè máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò bínú. Ó kọ́ èmi fúnra mi, ó ní kí n máa ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, kí n wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ojoojúmọ́ yẹn ló ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá fò ó nítorí ọjà, ó máa ń hàn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí i. Oṣù mẹ́fà la fi kọ́ kẹ̀kẹ́, kò gùn ún. A fi í sílẹ̀ ná.

BàbáÀgbà_Òjé · Ọjọ́ Rú, 9:15 alẹ́

Ọmọ mi Oníkọ̀ǹpútà, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọmọ mi tún kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mi ò sọ ìtàn yẹn tán lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ agboolé wa tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà, kò parí rẹ̀. Ó sá lọ lóru ọjọ́ kan. Ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀ títí ó fi kú. Ọwọ́ líle tí mo ní wọ́n fi mú un, òun ló lé e. Mo ti ń sọ ìtàn yẹn tipẹ́, ibi tó dára nìkan ni mo máa ń dá a dúró sí.

OT, mo fẹ́ béèrè. Ọmọ ọmọ mi kan ń lo ọwọ́ òsì, a ń fi dandan yí i sí ọ̀tún. Ṣé ìyẹn lè fa nǹkan báyìí?

OT_Ìbàdàn · Ọjọ́ Rú, 9:50 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun fún èyí tí ẹ sọ. Rárá, ọwọ́ òsì kì í ṣe dyspraxia, yíyí i sí ọ̀tún kọ́ ló sì ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàánú rẹ̀, kó fi ọwọ́ tí ara rẹ̀ bá yàn kọ̀wé. Ẹ lè kọ́ ọ pé ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìyẹn ò le.

ÌyáÀkọ́bí_Akóbọ̀ · ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí fún ara mi pé màá padà wá sọ ọ́.

A lọ. Bàbá rẹ̀ bá wa lọ, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí eré náà. OT wò ó, wọ́n bi í pé kín ló fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti ń retí bọ́tìnnì. Ọmọ mi ní òun fẹ́ jẹ àmàlà àti ewédú nílé ìyá àgbà láìjẹ́ kó dà sára òun, torí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun máa ń pe òun ní oníbàǹtẹ́ ọbẹ̀. Mi ò mọ̀ rí. Gbogbo ọdún Iléyá tó ń ní òun ò yó, tí mo ń rò pé ó ń ṣe nàkọ́nàkọ́, ìyẹn ló ń sá fún.

OT ní kí a gbé àmàlà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àmàlà gidi, nínú kúlà. Ó ní kó jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi í pé ibo ló ti bàjẹ́. Ọmọ ronú, ó ní abọ́ ló ń sá lọ bí òun bá ti ń bu òkèlè. Kín la lè ṣe sí abọ́ tó ń sá? Ó wo yàrá yíká, ó ní "Ẹ fi aṣọ tútù sábẹ́ rẹ̀." Òun ló sọ ọ́! Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, abọ́ dúró. Ó wá kù ewédú tó ń yọ̀ tó ń fà. Ọjọ́ yẹn kò rí ọgbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló rí i: òkèlè kékeré, kó yí i lẹ́ẹ̀kan mọ́ etí abọ́ kí fífà yẹn já, kó tó gbé e. Kó sì fa àga sún mọ́ tábìlì, kí ọ̀nà láti abọ́ dé ẹnu má jìn. Bàbá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, a dé Agodi Gate kó tó ní, "Wọn ò bá a ṣeré."

Gbogbo alẹ́ la fi ń ṣe é. Mo se ewédú débi pé àbúrò rẹ̀ ń bẹ̀ mí fún ìrẹsì.

Àná la lọ sílé ìyá àgbà. Ó bèèrè aṣọ tútù lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ abọ́ rẹ̀, ó jẹun. Ó ta sí i láyà díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó rí i àyàfi èmi. Ó tún bu lẹ́ẹ̀kejì.

Bàtà ló kàn, òun ló yàn án. OT ní kí n wá okùn bàtà tó nípọn, aláwọ̀ méjì, kí ọwọ́ ọ̀tún ní àwọ̀ tirẹ̀, kí òsì ní tirẹ̀, kó lè máa rí èyí tó ń kọjá lórí èkejì. Mo ti wá a títí, tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni mò ń rí. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á?

BàbáÀgbà_Òjé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:41 alẹ́

Má wá a mọ́. Àwọn tó ń ta ohun èlò bàtà wà lọ́nà ibi tí mo ń gbà lọ sí Bẹẹrẹ. Màá ra pupa kan, màá ra búlúù kan. Sọ ibi tí wọn yóò gbé e fún ọ.